Tòmátì àti Àwọn Alábàágbé Rẹ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé

Àgbẹ̀ Yorùbá kì í sábà gbin ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo sínú oko. Bí ó bá gbin iṣu, yóò gbin àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀gúsí fà bo ilẹ̀ kí koríko má baà ráyè hù. Ìmọ̀ ni èyí. Kì í ṣe àìsí ilẹ̀ nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan tòmátì ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣi ìmọ̀ yìí lò. Ohun tí a ń sè pọ̀ nínú ìkòkò ni wọ́n ń gbìn pọ̀ sórí ebè: tòmátì, ata, ikàn àti ilá. Bí ewé bá wá ń rọ, tí èso sì ń jẹrà, wọn a di ẹ̀bi náà ru òjò tàbí ẹni tí ó ta irúgbìn fún wọn.

Kókó kìíní ni kí á mọ ẹbí tòmátì. Ata, ikàn, ẹ̀fọ́ ọ̀dú, tábà àti ọ̀dùnkún òyìnbó, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń ṣe ikú pa ejò. Òtítọ́ ni èyí láàárín ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ní ti tòmátì, ìkọ́wọ̀ọ́rìn ẹbí gan-an ni ewu. Ọ̀tá tí ó bá mọ ọ̀kan mọ ìyókù. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tí ń mú kí tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀; àrùn yìí kan náà ń pa ata àti ikàn. Bákan náà ni kòkòrò tí a ń pè ní Tuta absoluta, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 2016, ó ba oko tòmátì jẹ́ ní Àríwá Nàìjíríà débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ náà. Kòkòrò yìí kò dá tòmátì nìkan mọ̀; ó ń jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó àti ikàn pẹ̀lú.

Àwọn wo wá ni alábàágbé rere? Àlejò tí kì í ṣe ẹbí ni. Àlùbọ́sà kò gba ààyè púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Efinrin ní òórùn tí ó lè da àwọn kòkòrò kan láàmú. Bí ó bá sì tanná, ó ń pe àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ tí ń yé ẹyin sí ara kòkòrò apanirun. Ẹ̀wà ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n nígbà tí ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ bá jẹrà sínú ilẹ̀ ni èrè náà pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí yóò gbin tòmátì tẹ̀ lé ẹ̀wà ni ó ń jẹ èrè náà ní kíkún. Ní ti àgbàdo, ojú méjì ni ó ní: ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó lè ṣíji bo tòmátì, kòkòrò kan tí ń jẹ ọmọ rẹ̀ sì ń lu èso tòmátì.

Ọ̀tá tí ó burú jù ni èyí tí ojú kò rí: àwọn aràn tíntìntín inú ilẹ̀ tí ń mú kí gbòǹgbò wú ní kókó-kókó. Aràn yìí fẹ́ràn ilá púpọ̀, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀wà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ìyàtọ̀ kan han akẹ́kọ̀ọ́. Kókó rere ara gbòǹgbò ẹ̀wà a máa tètè bọ́ bí a bá fi ọwọ́ rà á, inú rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀. Kókó tí aràn fà kò ṣeé bọ́, nítorí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni ó wú.

Òdòdó marigold ni a mọ̀ sí ọ̀tá aràn yìí, nítorí oje gbòǹgbò rẹ̀ ń pa á. Àmọ́ ìdí kan tàbí méjì láàárín tòmátì kò tó. Ṣe ni kí ó kún ebè fọ́fọ́ fún nǹkan bí oṣù 2 kí á tó gbin tòmátì síbẹ̀.

Lákòótán, kí ìdí tòmátì kan jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí a fi igi gbé e nàró, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Kí a gbin ata àti ikàn sí ibòmíràn, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà má sì padà sí ojú kan náà fún ọdún 3, ó kéré tán. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ni kí tòmátì àti ata ti pàdé. Kí wọ́n má ṣe pàdé lórí ebè.