Katapílà tó kọ iṣẹ́ ní Ore: kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀, ẹ yẹ wáyà wò

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Benin kò lè kọjá Ore kó má rí katapílà agbẹ́lẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní excavator. Bí kò bá sí lórí tírélà, yóò wà níbi tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ pupa, tàbí níbi tí wọ́n ti ń lànà wọ igbó lọ bá àwọn onígẹdú. Káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, tí Ore jẹ́ olú-ilé rẹ̀, àwọn kan ti sọ ẹ̀rọ yìí di òwò: wọ́n ra tòkunbọ̀, wọ́n ń fi yá àwọn kọngílá. Ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, kọngílá kò ní í sanwó, ṣùgbọ́n awakọ̀ yóò gba tirẹ̀, ẹni tó yá wọn lówó náà kò sì ní í dẹ̀yìn.

Láyé ọjọ́un, bí katapílà bá ti ní dísẹ̀lì, tí pọ́ńpù rẹ̀ sì dára, iṣẹ́ dé nìyẹn. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de èéfín ẹ́ńjìnnì irú àwọn ẹ̀rọ yìí ní 1996, tí ilẹ̀ Yúróòpù náà tẹ̀ lé e ní 1999, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n fi iṣẹ́ bíbu dísẹ̀lì fún ẹ́ńjìnnì lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box. Caterpillar 320D àti Komatsu PC200-8 wà lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Brain box kò lójú, kò létí; sẹ́ńsọ̀ ló ń bá a wò, tó ń bá a gbọ́.

Bí ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ kò bá bọ́gbọ́n mu, brain box yóò gbé nọ́ńbà jáde níwájú awakọ̀, ó sì lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Wọ́n á ka nọ́ńbà, wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ ti kú, wọ́n á ránṣẹ́ sí Èkó. Tuntun á dé, wọ́n á dè é mọ́ ọn, nọ́ńbà ọjọ́sí kò ní í lọ. Ẹlòmíràn á tún ní brain box ni, owó ńlá sì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Gbogbo ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà ló ń tọ́ka sí: sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, brain box fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń lo ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní J1939, tó pín nọ́ńbà sí méjì. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn: 100 ni ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, 110 ni ti omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ti kejì ń sọ irú àìsàn tó ń ṣe é: 3 ni pé iná tó ń bọ̀ ti ga jù, 4 ni pé ó ti lọ sílẹ̀ jù, 5 ni pé ó jọ pé wáyà já. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 0 tàbí 1, ẹ ṣọ́ra, nítorí ó lè jẹ́ òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ. Lórí Caterpillar, E361 ni ti omi tó gbóná jù, E360 ni ti ọ́ìlì tí agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ìwọ̀nyí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yẹ omi àti ọ́ìlì wò kí ẹ tó máa wá wáyà kiri. Àwọn kan máa ń gé wáyà kí ariwo ìkìlọ̀ lè dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ náà, àmọ́ ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi sẹ́ńsọ̀ omi ṣe àpẹẹrẹ, òun ló rọrùn jù. Wáyà méjì ló ní. Brain box ń rán volt 5 sí i: bí omi bá tutù, volt á ga, bí omi bá gbóná, volt á máa wálẹ̀. Nítorí náà, bí wáyà bá já, brain box á rí volt 5 gbáko, á sì gbé 110-3 jáde, èyí tí Komatsu ń pè ní CA144. Bí wáyà bá bíríìjì, volt á di òfo, 110-4 á jáde, ìyẹn CA145.

Ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lára sẹ́ńsọ̀. Bí 4 bá yí padà di 3, wáyà dára, brain box dára, sẹ́ńsọ̀ ló kú lóòótọ́. Bí 4 bá takú síbẹ̀, ẹ má ra sẹ́ńsọ̀ rárá; wáyà ti fara kan irin níbì kan. Bó bá jẹ́ 3 lẹ bá níbẹ̀, ẹ fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pọ̀. Bó bá di 4, wáyà kò já, ẹ̀bi di ti sẹ́ńsọ̀ tàbí ti ojú ibi tó ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì nìkan lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Ti ọ́ìlì sábà máa ń ní mẹ́ta: ọ̀kan gbé volt 5 wá, ọ̀kan jẹ́ earth, ọ̀kan ń gbé ìròyìn padà, láti bíi volt 0.5 sí 4.5. Bí ẹ bá so volt 5 mọ́ earth, ẹ ti dá kún wàhálà. Mítà ni kí ẹ fi wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ṣé volt 5 dé ibẹ̀? Bí kò bá dé, tí nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́rin sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ mìíràn ló fa gbogbo rẹ̀, nítorí àwọn bíi mélòó kan lè máa pín volt 5 kan náà lò. Ẹ máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yọ tí volt 5 fi padà wá, òun ni ọ̀daràn.

Àwọn rìwáyà wa fẹ́ràn tẹ́sítà onígílóòbù. Ó dára fún iná iwájú ọkọ̀. Lórí wáyà brain box, iná tí gílóòbù ń fà ti pọ̀ jù, ó lè bà á jẹ́. Mítà onínọ́ńbà ló yẹ ibẹ̀. Àwọn wẹ́dà náà ń kọ́? Bí wọ́n bá fẹ́ jó eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ tú bátìrì, kí wọ́n sì fi earth wọn há ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó o gan-an, kí iná má baà gba inú brain box kọjá.

Ní ti ibi tí wáyà ti ń bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òjò àti ẹrẹ̀ agbègbè wa kì í jẹ́ kí ó gbẹ, àwọn tó ń fi omi pọ́ńpù alágbára fọ ẹ̀rọ sì ń tì í wọlé sí i. Bí ẹ bá rí ìdípẹtà aláwọ̀ ewé lórí pín-ìn-nì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ wo ibi tí wáyà ti ń ha irin, àti ibi tó ti sún mọ́ èéfín gbígbóná. Ẹ̀rọ tó pẹ́ nínú igbó láìṣiṣẹ́, eku lè ti jẹ wáyà rẹ̀. Kí ẹnì kan máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹnì kejì ṣe ń wo mítà. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò, ibẹ̀ ni kí ẹ tú.

Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́, kí ẹ sì ní kí rìwáyà fi ohun tí mítà kà hàn yín kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí Èkó. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná dáadáa kí ẹ tó san owó iṣẹ́, nítorí wáyà tó fara kanra nígbà tó tutù lè ya bó bá gbóná.