Ta Ló Ń Sanwó Rẹ̀? Ìnáwó Àtúnṣe Òfin Ìwọlé àti Ìjáde ní Agbègbè Tchaourou

Ní ìlà-oòrùn kọ́múùnù Tchaourou ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti pààlà pẹ̀lú Nàìjíríà. Ìjọba ìbílẹ̀ Baruten ní Ìpínlẹ̀ Kwara ló wà ní òdì kejì. Wọ́n ń sọ èdè Ìbàrìbá níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́ ní Tchaourou lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá tí a mọ̀ sí Nàgó. Kọ́múùnù yìí ló fẹ̀ jù ní Bẹ̀nẹ̀: ilẹ̀ rẹ̀ tó 7,256 kìlómítà níbùú-lóròó, ìkànìyàn ọdún 2013 sì ka 223,138 ènìyàn níbẹ̀. Iṣu, àgbàdo àti kajú wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn tà. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ tún òfin ìwọlé àti ìjáde ṣe, tí àwọn ènìyàn sì ń béèrè iye tí yóò ná asanwó-orí, ọ̀rọ̀ náà kan irú agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé àpò mẹ́ta ni owó náà ti ń jáde, àti pé ọ̀kan nínú wọn kì í sí nínú ìwé ìṣúná rárá.

1. Àtúnṣe wo ni à ń sọ?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí wọ́n ń pè ní CEDEAO ní Bẹ̀nẹ̀, fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: ẹ̀tọ́ láti wọlé, ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kí ènìyàn sì ṣiṣẹ́, èyí tí àdéhùn ọdún 1986 fi kún un, àti ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀, èyí tí ti ọdún 1990 fi kún un. Ní ọdún 2014, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí káàdì ìdánimọ̀ kan náà tó ní àmì ìka ọwọ́. Senegal bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 2016.

2. Àpò mẹ́ta

Àpò kìíní ni ti àjọ náà fúnra rẹ̀. Owó orí kan wà tó jẹ́ 0.5% lórí ọjà tó bá ti ìta ECOWAS wọlé. Òun ni àwọn iléeṣẹ́ àjọ náà, títí kan ilé ẹjọ́ àti ilé aṣòfin rẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́. Bí alùpùpù kan bá ti Íńdíà wọ èbúté Kútọnu ní ìdíyelé 400,000 sẹ́fà, 2,000 sẹ́fà ni ti àjọ. Ẹni tó ra alùpùpù náà ní Tchaourou ló san án níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò ní rí i lórí rìsíìtì, nítorí pé inú iye ọjà ló wà.

Àpò kejì ni ti ìjọba orílẹ̀-èdè: owó oṣù àwọn aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá, ilé tí wọ́n ń lò, ẹ̀rọ, àti ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ará ìlú. Òfin ìdánimọ̀ tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àti ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ará ìlú tó tẹ̀ lé e, wà lára ìnáwó yìí.

Àpò kẹta ni ti arìnrìn-àjò. Àdéhùn ọdún 1979 sọ pé ẹni tó fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí kò ní wọn kò lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣẹ́nu le. Ẹ̀gúnjẹ ni yóò san. Ká ní obìnrin kan tó ń ta gààrí ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì ń san 500 sẹ́fà ní àlọ àti 500 ní àbọ̀: 2,000 sẹ́fà ni lọ́sẹ̀, ó di 100,000 ní àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Ohun tí àjọ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí odindi alùpùpù ni obìnrin yìí ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ìjọba tó rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè ka àpò kejì nìkan. Bí ìjọba bá fi owó ìwé ìdánimọ̀ pamọ́, kì í ṣe pé owó náà kò jáde. Ó kàn sún lọ sí àpò kẹta ni.

3. Títi ibodè náà lówó

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó bá ń ráhùn pé àtúnṣe wọ́n gbọ́dọ̀ wo ohun tí òdìkejì rẹ̀ ná wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn ti lo ju 90 ọjọ́ lọ, nítorí náà àdéhùn kò gbà wọ́n sílẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ni ọ̀nà àwọn ará Ghana gbà, ṣùgbọ́n Ghana ti ti ibodè tirẹ̀ ṣáájú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì há sí Bẹ̀nẹ̀ títí Ghana fi ṣí i. Orílẹ̀-èdè tí kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìpinnu ni ẹrù já lé lórí.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọjà. Kọ́múùnù ní Bẹ̀nẹ̀ a máa gba owó ìpàtẹ, a sì máa gba owó ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TDL. Nígbà tí ọjà kò bá kọjá, owó wọ̀nyí náà á dínkù, bẹ́ẹ̀ ni kànga àti yàrá ìkàwé tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n kọ́ á dúró.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS. Ní oṣù Kẹta, wọ́n fi 0.5% tiwọn lé ọjà tó bá ti ìta wọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Niger gba àárín Tchaourou kọjá. Ọjà Bẹ̀nẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ ti di ọjà ìta báyìí.

4. Ohun tó yẹ kí a máa kà

Bí ìgbìmọ̀ kọ́múùnù kan bá fẹ́ mọ iye tí àtúnṣe òfin ibodè yóò ná àwọn ènìyàn rẹ̀, kò yẹ kó dúró lórí ìwé ìṣúná tí Kútọnu fi ránṣẹ́. Ó yẹ kó béèrè ní ọjà pé ènìyàn mélòó ló ní káàdì ìdánimọ̀, èló ni wọ́n wọkọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà, àti èló ni wọ́n ń san lójú ọ̀nà láìgba rìsíìtì. Ìgbà tí iye wọ̀nyí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba ni a tó lè sọ bóyá àtúnṣe náà wọ́n tàbí kò wọ́n.