Adójútòfò ìlera àti ìtọ́jú ìbímọ ní Ìwó

Adójútòfò ìlera ni ètò tí ènìyàn fi ń san owó sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kí ó má baà jẹ́ pé orí ibùsùn ni yóò ti máa wá owó ìtọ́jú. Ó jọ èésú ní ti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n jọ ń dá a, ṣùgbọ́n ẹni tó dá èésú yóò kó iye tó dá, nígbà tí owó ẹni tí kò ṣàìsàn nínú adójútòfò ń lọ sórí ìtọ́jú ẹlòmíràn. Ní Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ náà kan tọkọtaya tuntun gan-an, nítorí pé ìbímọ wà lára ìwọ̀nba ìnáwó ìlera tí a lè múra sílẹ̀ fún ṣáájú.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin adójútòfò ìlera ní ọdún 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, dandan inú ìwé lásán ni: ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti iye ènìyàn ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí obìnrin 97 nínú 100 ni kò ní adójútòfò kankan. Fún àwọn tálákà, òfin ìlera ti 2014 dá owó àkànṣe kan sílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un sí. Aláboyún àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún wà lára àwọn tí a là á sílẹ̀ fún.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí tọkọtaya wò ni àkókò. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni kì í sanwó ìbímọ àfi bí oṣù mélòó kan bá ti kọjá lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. Àwọn mìíràn ń béèrè ọdún kan gbáko. Ẹni tó dúró di ìgbà tí oyún hàn kí ó tó forúkọ sílẹ̀ lè rí i pé òun yóò ti bímọ kí ìwé òun tó mú iṣẹ́ ṣe.

Ìlànà ètò ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ gba ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18, ó sì ń bójú tó ìtọ́jú oyún àti ìbímọ títí dé orí ọmọ mẹ́rin tí a bí láàyè. Aláìsàn ni yóò san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn. Kò sanwó fún ìlóyún àtọwọ́dá, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì fún àwọn tó ti ń wá ọmọ fún ìgbà pípẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò dáadáa ni ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Ilé ìwòsàn yìí ń gba iye kan lóṣooṣù lórí olúkúlùkù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà onítọ̀hún wá tàbí kò wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, òun ni yóò kọ ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn ṣe súnmọ́ ilé tó nìkan kọ́ ló yẹ kí a béèrè. Bí ọmọ bá kọ̀ tí kò wálẹ̀ ní òru, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, níbo, ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Láti Ìwó, a lè gbé aláboyún lọ sí Òṣogbo, sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí sí UCH ní Ìbàdàn. Ìwó ni Yunifásítì Bowen wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ láti 1907. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn wà. Ẹni tó bá wà nínú ètò Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ béèrè, kí oyún tó dé, bóyá ètò náà yóò sanwó ní òdìkejì ààlà.

Lẹ́yìn ìbímọ, ìlànà ìjọba àpapọ̀ bo ọmọ tuntun mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Láàárín àkókò yìí ni kí àwọn òbí fi orúkọ ọmọ náà kún ìwé wọn.