Kí Ló Dé Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Sọ Pé “Ọ̀rẹ́” Kì í Ṣe “Ọ̀rẹ́”?

Ọ̀rọ̀ àmì orí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má tíì sá lọ, kì í ṣe kíláàsì Yorùbá.

Ẹ tẹ “ọ̀rẹ́” lórí fóònù yín, kí ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lójú wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá fi wọ́n wéra, ó lè ní wọn ò jọra rárá.

Ìdí rèé. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ló ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. “Ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “é” náà ní. Àmọ́ “ẹ́”, tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, kò ní tirẹ̀. Ńṣe la máa ń tò ó pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan lè mú “ẹ” kó fi àmì òkè lé e; òmíràn lè mú “é” kó fi àmì sí i nísàlẹ̀; ẹ̀kẹta á mú “e” lásán, á wá to àmì méjèèjì sí i. Ojú ò lè dá wọn mọ̀.

Ẹ wá wo orúkọ èèyàn. Fẹ́mi forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, ó padà wá lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń yọ gbogbo àmì dànù. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ ìroko àti ọkọ̀ akérò ti di nǹkan kan náà nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ ò le. Nínú JavaScript, ẹ kọ `.normalize("NFC")`, nínú Python, `unicodedata.normalize("NFC", oruko)`. Á sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan. Ẹ ṣe é fún ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú, kẹ́ ẹ sì ṣe é fún ohun tí oníbàárà tẹ̀. Fún ìṣàwárí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kejì tí kò lámì, kí ẹni tó tẹ “ore” lè rí “ọ̀rẹ́”. Èyí tó lámì ni kẹ́ ẹ máa fi hàn án. Bí mo ṣe ṣe ibi ìṣàwárí ètò wa nìyẹn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún kíka lẹ́tà. Lójú wa, lẹ́tà 3 ló wà nínú “ọ̀rẹ́”. Bí ẹ bá bi `.length` léèrè lẹ́yìn NFC, 5 ló máa sọ. Fọ́ọ̀mù tó bá fi ìyẹn díwọ̀n orúkọ lè gé orúkọ ọmọlọ́mọ láàárín.

Ẹ̀yin tẹ́ ò kọ kóòdù, tiyín rèé: SMS kan máa ń gba lẹ́tà 160. Bí “ẹ”, “ọ” tàbí “ṣ” kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, ó di 70. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ SMS kan tẹ́lẹ̀ lè di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ náà á sì gòkè. WhatsApp ò ní wàhálà yìí ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ áàpù, kí orúkọ tí ẹ máa kọ́kọ́ fi dán an wò jẹ́ orúkọ Yorùbá tó lámì dáadáa. Bí kò bá gbà á, ẹ má tíì gbé e jáde.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.