"Mo Ti Gbọ́, Sà": Kí Ni Ìgbọràn Nínú Ìwé Mímọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé orí gbígbọ́ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kí ni ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ etí ẹni? Ìbéèrè yìí ni Ìwé Mímọ́ ń bi Kristẹni lójoojúmọ́. Òun náà ni ó sì ká èmi gan-an mọ́ lọ́dún tó kọjá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú. Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ òbí àti ọmọ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wa sì ni.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí "gbọ́" ń ṣe

Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì gbé dàgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa yìí, ẹnìkan bi mí pé, "Ṣé o tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá?" Kì í ṣe pé ó rò pé adití ni mí. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá èdè náà yé mi. Iṣẹ́ kejì tí "gbọ́" ń ṣe nìyẹn. Èkíní ni kí ìró wọ etí ẹni: mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìyá ń lò nígbà tí ó bá ń ráhùn ọmọ rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn." Etí ọmọ náà kò di. Ó gbọ́ ìró, ọ̀rọ̀ sì yé e, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ síbi tí a rán an.

Kì í ṣe èdè tiwa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Jos, bí àwọn ìyá tí ń sọ Hausa bá fẹ́ bá ọmọ tí kò gbọ́ràn wí, wọn a ní "ba ya jin magana", ìyẹn ni pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú èdè Hébérù tí a fi kọ Májẹ̀mú Láéláé, ọ̀rọ̀ kan náà, "shama", ni ó ń jẹ́ gbọ́, tí ó sì ń jẹ́ gbọ́ràn. Nínú èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, "akouo" ni gbọ́, "hypakouo" sì ni gbọ́ràn. "Hypo" tí ó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí abẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ràn ni ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ohun tí ó gbọ́.

Ẹ wá wo tiwa wò dáadáa. Ìgbàgbọ́ ni kí a gbà, kí a sì gbọ́. Ìgbọràn ni kí a gbọ́ ọ̀ràn. "Gbọ́" wà nínú méjèèjì, bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sì ṣe rí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ́ àwọn ará Róòmù pé láti inú gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá (Róòmù 10:17). Nígbà náà, ẹni tí ó bá ní òun ní ìgbàgbọ́, tí kò sì ní ìgbọràn, ìdajì "gbọ́" ni ó mú lọ.

Ó wù mí kí a rántí pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá láti fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú Bíbélì wa kò dàgbà tán nílé Yorùbá. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró, níbi tí ó ti di Sámúẹ́lì Crowther. Ní 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Ní 1850 ni Ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde. Ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá parí, lẹ́yìn tí òun àti àwọn mìíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé e lórí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a bí sí ẹ̀yìn odi má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá inú Bíbélì kì í ṣe tiwa.

Sọ́ọ̀lù àti igbe àgùntàn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí gbígbọ́ ti di ọ̀ràn, ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìíní, orí 15. Wòlíì Sámúẹ́lì jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run fún Ọba Sọ́ọ̀lù pé kí ó lọ bá àwọn ará Ámálékì jagun, kí ó má sì ṣe dá ohunkóhun sí, ìbáà ṣe ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn. Àṣẹ tí ó wúwo ni, ó sì ń kọ ọ̀pọ̀ wa lóminú lónìí. Èmi kò ní ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àánú ni ó mú Sọ́ọ̀lù yà kúrò nínú àṣẹ náà. Ó pa àwọn ènìyàn. Ọba wọn, Ágágì, ni ó dá sí, àti àgùntàn àti màlúù tí ó dára jù. Èyí tí kò níláárí nìkan ni ó parun.

Lẹ́yìn náà, Sọ́ọ̀lù lọ sí Kámẹ́lì, ó sì gbé ohun ìrántí kalẹ̀ fún ara rẹ̀. Nígbà tí Sámúẹ́lì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọba ni ó kọ́kọ́ kí i, ó ní òun ti ṣe ohun tí Ọlọ́run wí. Sámúẹ́lì sì bi í pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, igbe àgùntàn wo ni òun ń gbọ́ yìí?

Ẹ wo bí Sọ́ọ̀lù ṣe fèsì. Ó ní àwọn ènìyàn ni wọ́n dá ẹran sí, àwa ni a pa ìyókù run. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti burú, "àwọn" ni. Níbi tí ó ti dára, "àwa" ni. Ó tún fi kún un pé wọ́n fẹ́ fi àwọn ẹran náà rúbọ sí Ọlọ́run ni. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyí: ó fẹ́ fi aṣọ ìsìn bo àìgbọràn. Sámúẹ́lì sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé kí ènìyàn gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu dára lójú Rẹ̀ ju ẹran tí a sun lórí pẹpẹ lọ.

Nígbẹ̀yìn ni Sọ́ọ̀lù wá sọ òótọ́. Ó ní òun bẹ̀rù àwọn ènìyàn, òun sì gba ohùn wọn gbọ́. Èyí ni ó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú ìtàn náà. Sọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ràn rárá. Ó gbọ́ràn, ohùn ẹlòmíràn ni ó gbọ́.

Àgùntàn tèmi

Nígbà tí mo ń padà sílé-ẹ̀kọ́ fún ọdún kejì mi, bàbá mi pè mí sí yàrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ń gbé nínú ìlú yìí, òun nìkan ni ó sì ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Bàbá mi ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí n máa bá a ra oògùn rẹ̀ ní kẹ́mísítì, kí n sì máa tò ó fún un bí yóò ṣe lò ó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mo ti gbọ́, sà."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ. Ọjọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ akọrin fẹ́lóṣípù wa ń péjọ, èmi sì ni mo ń lu dùùrù. Bí a bá ti kọrin tán, a ó gbá gbọ̀ngàn, a ó to àga. Bí àìsùn bá wà, a ó dúró di ìdájí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé Màmá Àgbà yóò yé mi, iṣẹ́ Olúwa ni mo ń ṣe. Ní sáà yẹn, mo tilẹ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè fi ìfẹ́ Rẹ̀ hàn mí. Ìfẹ́ Rẹ̀ tí mo ti mọ̀ kò jìnnà ju owó ọ̀kadà kan lọ, èmi kò sì ṣe é.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó tún débẹ̀. Mo bá a lórí ibùsùn. Oògùn rẹ̀ ti tán lọ́jọ́ kan láìmọ̀, òòyì sì gbé e ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Hausa kan tí ó ń gbé yàrá kejì ni ó ń bá a ra oògùn, tí ó sì ń fà á lọ́wọ́ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màmá kò bínú sí mi. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé o ń sin Ọlọ́run gan-an nílé-ìwé. Ó dára, ọmọ mi." Ó sàn fún mi kí ó bú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò tíì gbé e dáadáa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Ṣé o kò gbọ́ mi ni?" Mo gbọ́. Ohun tí ó dùn mí nìyẹn. Orin tí mo ń kọ ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn, igbe àgùntàn Sọ́ọ̀lù ni.

Ọmọ tí ó ní òun ń lọ

Jésù pa òwe kan nípa ọkùnrin tí ó ní ọmọ méjì (Mátíù 21:28–31). Ó rán àkọ́kọ́ lọ sí oko àjàrà, ọmọ náà kọ̀, ṣùgbọ́n ó ronú, ó sì lọ. Ó rán èkejì, ẹni yẹn fi ọ̀wọ̀ dá bàbá rẹ̀ lóhùn pé òun ń lọ, kò sì lọ. Jésù bi àwọn tí ó wà níbẹ̀ pé èwo nínú wọn ni ó ṣe ìfẹ́ bàbá? Wọ́n dáhùn pé èyí àkọ́kọ́ ni.

Àwa ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí òwe yìí kọ́kọ́ bà lẹ́rù. A mọ ìdọ̀bálẹ̀, a mọ ìkúnlẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni sà" kò sì ṣòro lẹ́nu wa. Ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni, kí a má pa á tì. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò kọjá ẹnu, ti ọmọ kejì ni. Jésù tún bá àwọn kan wí nínú Máàkù 7:9–13, nítorí pé wọ́n ń sọ pé ohun tí ó yẹ kí àwọn fi tọ́jú bàbá àti ìyá ti di ọrẹ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kò gba irú ọrẹ bẹ́ẹ̀.

Bí a ó ṣe gbọ́ nínú ọgbà yìí

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Èmi kò sọ pé kí a fi fẹ́lóṣípù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ohùn gbogbo tí ó bá dún ni kí a tẹ̀ lé. Ohùn àwọn ènìyàn ni ó ba ti Sọ́ọ̀lù jẹ́. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ohùn. Ẹni tí ó ń ta ìbéèrè ìdánwò ní ohùn. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ń sọ pé Ọlọ́run rán òun sí ọ ní ohùn tirẹ̀, kí a sì dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kí Pétérù àti àwọn àpọ́sítélì yòókù má wàásù mọ́, wọ́n dáhùn pé ti Ọlọ́run ni àwọn yóò gbọ́, kì í ṣe ti ènìyàn (Ìṣe 5:29). Kí ènìyàn tó lè gbọ́ràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohùn tí ó ń gbọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo ti wá ń ṣe báyìí, mo sì fi lọ̀ yín. Èkíní, kí n tó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ ohun tuntun fún mi, mo ń bi ara mi léèrè pé èwo ni mo ti gbọ́ tí n kò tíì ṣe? Ó lè jẹ́ gbèsè ìyá tí ń ta oúnjẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Èkejì, bí mo bá gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé "àwọn ni", mo ń dákẹ́ kí n wò ó bóyá "èmi ni". Ẹ̀kẹta, mo ń gbìyànjú láti tètè ṣe é. Jákọ́bù fi ẹni tí ó ń gbọ́ tí kì í ṣe wé ẹni tí ó wo ojú rẹ̀ nínú dígí, tí ó kúrò níbẹ̀, tí ó sì gbàgbé bí òun ṣe rí (Jákọ́bù 1:22–24). Bí ó bá ti pẹ́, a ó gbàgbé.

Mo ti fi dùùrù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń lù ú báyìí. Nígbà tí mo bẹ bàbá mi lórí fóònù, ó tún gbogbo iṣẹ́ náà rán mi láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò rán mi rí. Bí ó ti parí rẹ̀, mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, "Màmá ni yóò sọ fún mi bí o bá gbọ́."

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní etí tí ó ń gbọ́ àti ẹsẹ̀ tí ó ń lọ. Ire o.