Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Dá Wa Mọ̀ Nígbà Tí Nẹ́tíwọ̀kì Bá Lọ



Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé: bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún lọ, ṣé iṣẹ́ yóò tún dúró ní ọ́fíìsì wa ní Ifákọ̀ bí ti ìjọ́sí ni? Lọ́jọ́ náà, ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ra tòmátì ní Máìlì 12 la dá padà lọ́wọ́ òfo. Owó ń bẹ, ìwé rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n sáfà tó ń jẹ́rìí sí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù akọ̀wé jìnnà sí wa. Bí a kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ ká wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ wà. A lè fi ẹ̀dà ìwé orúkọ tí sáfà náà ń lò sínú kọ̀ǹpútà tiwa. LDAP ni wọ́n ń pe èdè tí a fi ń bi irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, láti 1993 la sì ti mọ̀ ọ́n. Sáfà kékeré kan wà tó ń jẹ́ ApacheDS, tó ṣeé kó sínú ètò iṣẹ́ mìíràn. Inú ilé ló wà, kò dúró de íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dáhùn.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ BVAS tí INEC lò nínú ìbò 2023, orúkọ àwọn olùdìbò ibùdó náà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dá èèyàn mọ̀ láìsí nẹ́tíwọ̀kì.

Àmọ́, ẹ gbọ́ ewu ibẹ̀. Ẹ̀dà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí a ṣe é. Bí akọ̀wé kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, tí a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀dà tiwa yóò ṣì máa ṣílẹ̀kùn fún un títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi dé. Kọ́kọ́rọ́ tí a kò gbà padà ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ní ìpàdé gbogbogbò:

1. Kí páásíwọ́ọ̀dù má ṣe wà níhòòhò nínú ẹ̀dà náà. Kí a lọ̀ ọ́ kúnná bí ata. Ata tí a ti lọ̀ kì í padà di odindi.

2. Bí ẹ̀dà náà kò bá gbúròó sáfà fún ọjọ́ 7, kó ti ara rẹ̀ pa.

3. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí, kí a má san ẹ̀yáwó láìsí ìfọwọ́sí ààrẹ àti akápò lórí ìwé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá fúnra yín. Owó gbogbo wa ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́