Ejẹ́ńtì ẹgbẹ́: kí ni wọ́n ń jókòó ṣọ́ gan-an?

Ẹ máa ń rí wọn ní ibùdó ìdìbò, táàgì lọ́rùn, bíi pé wọn ò níṣẹ́. Lójú tèmi, lẹ́yìn aago 2:30 ọ̀sán ni iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ebi ti ń pa wọ́n, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ dúró ti kíka ìbò, kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù EC8A, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tiwọn. Ẹ̀dà yẹn ni ẹgbẹ́ máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Ẹlòmíì a bínú, kò ní fọwọ́ sí i. Ìyẹn ò ba èsì jẹ́ o! Mo sì ti rí ẹni tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ò fún lówó oúnjẹ, tí ẹgbẹ́ kejì wá fún un. Ẹ kúkú mọ̀ bó ṣe ń rí. Ní 2023, èsì ìdìbò ààrẹ ò tètè hàn lórí IReV. Ẹgbẹ́ tí ejẹ́ńtì rẹ̀ ti lọ sílé láìgba ẹ̀dà, kí ló fẹ́ fi wé e?